Láti Ara Dánfó dé Ara Bàálù: Àgbéyẹ̀wò Fílà àti Ọ̀dà fún Ọkọ̀ Òfurufú Àfọwọ́ṣe

Bí ẹnì kan bá fi ọ̀bẹ ha ara dánfó tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà ní Òṣòdì, kò ní kan irin bọ̀rọ̀. Ọ̀dà yẹ́lò ni yóò kọ́kọ́ bọ́, fílà tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ á tẹ̀lé e, ọ̀dà mìíràn á yọjú lábẹ́ rẹ̀, fílà mìíràn á tún wà lábẹ́ ìyẹn, bí ẹni ń ka ìtàn gbogbo ibi tí ọkọ̀ náà ti forí gbá. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn páńẹ̀lì bítà àti àwọn tó ń fín ọ̀dà láti Mafolúkù títí dé Ìsọlọ̀ ni, iṣẹ́ náà kò sì kéré. Irin tó ti rún wómúwómú, wọn a sọ ọ́ di pẹrẹsẹ. Àtẹ́lẹwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Lókè orí wọn, bàálù ń kọjá lọ balẹ̀ ní pápákọ̀ Murtala Muhammed. Òun náà ní ọ̀dà lára, ṣùgbọ́n òfin tó de ọ̀dà tirẹ̀ yàtọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni pé bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ òfurufú kékeré ní agbègbè yìí, èwo nínú ohun tí a ń fi sí ara dánfó ló lè bá a dé òkè? Èrò tèmi ni pé ọ̀dà tí àwọn oníṣẹ́ wa ń fín sára mọ́tò lè ṣe é, ọwọ́ wọn náà sì lè ṣe é, ṣùgbọ́n fílà wọn kò yẹ níbẹ̀. Mo tún gbà pé àtẹ́lẹwọ́ kò tó láti dá iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Òṣùwọ̀n ló tó o.

Ẹlòmíràn á ní àlá ọ̀sán gangan nìyí, pé ta ló ń kan bàálù ní Nàìjíríà. A ti ń kàn án tipẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ AIEP, tí Ọmọ Ogun Òfurufú wa dá sílẹ̀ ní Kàdúná, kan ọkọ̀ oníjókòó méjì tí wọ́n pè ní Air Beetle láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀. Inú RV-6A ni wọ́n ti mú un jáde, ọkọ̀ tí Richard VanGrunsven, ará Oregon ní Amẹ́ríkà, yà fún àwọn tó fẹ́ kan bàálù nínú gáréèjì ilé wọn. RV-6 àti RV-6A tí àwọn aládàáni ti kàn, tí wọ́n sì ti fò, ju 2,000 lọ káàkiri ayé. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí ìjọba wa fi ṣe àmúyangàn, ọmọ ìyá ọkọ̀ àfọwọ́ṣe ni. Ní 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Bayero ní Kánò, fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic àlòkù àti àwọn àjákù ẹ̀rọ mìíràn kan hẹlikọ́pítà tó gbéra nílẹ̀ díẹ̀. Nítòsí wa níhìn-ín náà, ní Kpong ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn ọ̀dọ́ tí Patricia Mawuli wà lára wọn ti kan ọkọ̀ Zenith alumíníọ́mù láti inú kíìtì. Ọ̀rọ̀ ohun tí ẹni tó kàn án yóò fi kùn ún kò jìnnà sí wa rárá.

Ibi tí fílà ń dé kò dọ́gba lára gbogbo ọkọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Alumíníọ́mù ni ara RV-6A. A tẹ orí àwọn rivet rẹ̀, ìṣó tó so àwọn abala rẹ̀ pọ̀, wọnú kí wọ́n lè bá ojú ara ọkọ̀ dọ́gba, nítorí náà fílà kò ní iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Àwọn ibi tó jẹ́ fáíbà nìkan ló nílò rẹ̀: ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ìbọ̀ táyà, orí apá àti orí ìrù. Ti Burt Rutan, ará Amẹ́ríkà mìíràn tó ya ọkọ̀ fún àwọn aládàáni, yàtọ̀. Nínú VariEze àti Long-EZ tó yà ní àwọn ọdún 1970, fóòmù ni a ó gbẹ́ bí ẹni gbẹ́ ère, a ó fi aṣọ gíláàsì àti àtè tí wọ́n ń pè ní epoxy wé e, láìsí mọ́ọ̀dù kankan. Bí epoxy bá ti gbẹ, ìrísí aṣọ á hàn lójú rẹ̀ láti orí dé ìrù, gbogbo ara ọkọ̀ ló sì máa gba fílà. Irú kẹta ni èyí tí a fi aṣọ bò lórí pákó tàbí páìpù. Aṣọ tó fẹ̀, tó sì ń mì, kò gba fílà kankan. Ẹni tó bá ń béèrè fílà tó dára jù láì kọ́kọ́ sọ irú ara tí ọkọ̀ rẹ̀ ní, ó dà bí ẹni tó wọ ilé oògùn tó ní kí wọ́n fún òun ní oògùn tó dára jù.

Ká wá yẹ fílà fúnra rẹ̀ wò. Èyí tí a ń rà nínú agolo ní ọjà Ládípọ̀, polyester ni, tí wọ́n po etu òkúta mọ́. Hádínà inú túùbù kékeré ló ń mú un gan. Lítà kan irú rẹ̀ tí kì í ṣe aláìwúwo lè tó kílò kan ààbọ̀ sí méjì. Èyí tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ òfurufú ń lò ni epoxy tí wọ́n po micro mọ́. Micro yìí, bọ́ọ̀lù gíláàsì tín-ín-tìn-ín ni, tó kéré ju hóró iyanrìn lọ, tó sì ṣófo nínú, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. A ó kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n po epoxy mọ́ hádínà tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wá máa da micro sí i, nǹkan bí ife márùn-ún sí ife epoxy kan, títí yóò fi gan débi pé kò ní já bọ́ lórí igi tí a fi ń rò ó. Bó bá gbẹ, lítà kan rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ. Ìṣirò tó tẹ̀lé e kò le. Fílà tó nípọn tó mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú àti lóròó, lítà kan gééré ni. Ká mú ọkọ̀ oní-fóòmù kan tí ojú ara rẹ̀ fẹ̀ tó irú mítà bẹ́ẹ̀ 30, ká sì ní fílà tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀ lẹ́yìn sáńpépà jẹ́ ìdajì mìlímítà: lítà 15 nìyẹn. Bó bá jẹ́ micro, kílò méje ààbọ̀ ni. Bó bá jẹ́ ti inú agolo, ó lè tó 25. Kílò mẹ́tàdínlógún ààbọ̀ tó wà láàárín méjèèjì tó lítà epo bàálù 24, èyí tí ẹ́ńjìnnì bíi Lycoming O-235 lè fi fò fún nǹkan bí wákàtí kan. Àpò iyanrìn kan ni ènìyàn dì mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ títí láé nítorí pé ó fẹ́ kó dán.

Wọn á ní fílà inú agolo ń gan láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, epoxy sì ń fẹ́ kí a dúró di ọjọ́ kejì. Òótọ́ ni. Ìdí tí ìyárasáré fi dára fún dánfó ni pé dánfó ní láti pa owó lọ́la. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kan ọkọ̀ kò rí ohun gidi jèrè nínú wákàtí mẹ́wàá tó fi fílà olówó pọ́ọ́kú dín kù. Wọn á tún ní àwọn kan ti lo fílà mọ́tò lára ìbọ̀ táyà ọkọ̀ wọn, tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Èyí náà jẹ́ òótọ́, n kò sì ní purọ́ pé fílà tó tó ṣíbí kan lórí ìbọ̀ táyà lè já ọkọ̀ bọ́ láti òkè. Ṣùgbọ́n ta ló dúró sí ṣíbí kan rí? Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ọwọ́ tó ti mọ́ fífi fílà bo àṣìṣe á máa wá àṣìṣe tí yóò bò.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ ìfaramọ́ wà níbẹ̀. Epoxy ń lẹ̀ dáadáa mọ́ polyester tó ti gbẹ, ṣùgbọ́n polyester kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ epoxy, pàápàá tí epoxy náà bá ti yọ ìyẹ̀ bí ọ̀rá sójú. Nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin bíi ti Èkó, ọ̀rá yìí wọ́pọ̀, omi lásán àti kànìnkànìn ló sì ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá gbé sáńpépà lé e kí ó tó fọ̀ ọ́, ó ń rì í mọ́lẹ̀ ni. Etu òkúta inú fílà mọ́tò tún ń fa omi. Bí páímà bá wà níta lórí rẹ̀ tí òjò bá bà á, omi wọlé nìyẹn, yóò sì wú ọ̀dà sókè lóṣù mélòó kan sí i. Lórí alumíníọ́mù, ìyọnu mìíràn ni pé oòrùn ń fẹ alumíníọ́mù, òru sì ń sún un kì, apá ọkọ̀ náà sì ń tẹ̀ díẹ̀ nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá ń fò. Fílà líle kì í lè bá a rìn, bẹ́ẹ̀ ni ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ṣe ń jáde yí orí àwọn rivet ká. Bí abala alumíníọ́mù bá tẹ̀ wọnú, kí a pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sàn ju kí a dí i lọ, nítorí ojú ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò gbọ́dọ̀ lè rí bóyá irin ti ń ya tàbí rivet ti ń yọ̀.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti àwọn tó ní dídán ń mú ọkọ̀ yára, pé kí a farada ìwọ̀n nítorí eré. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìrísí apá ọkọ̀. Àwọn apá kan wà tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rọra yọ̀ lórí wọn láìdàrú kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Apá kékeré tó wà níwájú ọkọ̀ Rutan àtijọ́ jẹ́ irú bẹ́ẹ̀. Òjò lásán, tí ẹ̀kán rẹ̀ ń dà á lójú rú, lè dín agbára ìgbéra rẹ̀ kù tó bẹ́ẹ̀ tí imú ọkọ̀ á fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀, títí John Roncz, onímọ̀ nípa ìrísí apá ọkọ̀, fi ya òmíràn tí òjò kò fi bẹ́ẹ̀ dà láàmú. Lórí irú apá báyìí, fílà tó mú un dọ́gba lérè, mo gbà. Ṣùgbọ́n RV-6 ń lo apá tí ìrísí rẹ̀ ń jẹ́ NACA 23013.5, tí kò gbára lé irú dídán yẹn. Zenith CH 701 tí Chris Heintz yà sì ń fò jẹ́jẹ́ débi pé orí rivet rẹ̀ yọ síta gedegbe, kò sì sí ẹni tó ń bò ó. Ibi ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ apá, láti etí iwájú lọ sẹ́yìn, ni dídán ti ń ṣe iṣẹ́ jù. Ẹni tó ń dí ihò abẹ́rẹ́ lẹ́bàá ìrù, ojú àwọn tó wá wo ọkọ̀ ló ń ṣe é fún.

Ìrù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àwọn ewé tó ń yí lẹ́yìn apá àti lẹ́yìn ìrù, tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀, orí ìńjì ni wọ́n rọ̀ mọ́. Ẹni tó ya ọkọ̀ ti ṣe ìṣirò bí òjé iwájú ìńjì yóò ṣe wúwo tó kó lè bá èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀dà àti fílà, ẹ̀yìn ìńjì ni púpọ̀ nínú wọn ń bọ́ sí. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, ewé náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tí eré bá pọ̀, gbígbọ̀n náà á sì máa bí ara rẹ̀ sí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá títí ewé á fi ya tàbí tí apá á fi bà jẹ́. Èyí nìkan ni ibi tí mo ti máa lo ọ̀rọ̀ ikú nínú àgbéyẹ̀wò yìí. Lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti gbẹ, kí a tú àwọn ewé yìí sílẹ̀, kí a sì tún ìdọ́gba wọn wò. Ẹni tó bá tún ọkọ̀ kùn lórí ọ̀dà àtijọ́ láì ha èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kúrò, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí dánfó, ti ṣí ilẹ̀kùn fún aburú yìí.

Lórí àwọ̀, n kò rò pé àríyànjiyàn pọ̀. Epoxy tí a fọwọ́ fi sí, tó gbẹ nínú afẹ́fẹ́ ìta, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nígbà tí ìgbóná bá ti kọjá nǹkan bí 60 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú oòrùn ọ̀sán, ojú ohun tó funfun kì í sábà kọjá 60, ṣùgbọ́n ti ohun dúdú lè kọjá 90. Rutan kò gba àwọ̀ mìíràn láàyè ju funfun lọ fún ara ọkọ̀ rẹ̀, àwọn ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi fáíbà ṣe náà sì funfun káàkiri ayé. Ẹni tó ní funfun ń gba ìdọ̀tí, pé eruku Òṣòdì yóò sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú, kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ń ṣe é fọ̀, apá tó rọ̀ lórí pápá kò ṣe é tẹ̀ padà. Lórí alumíníọ́mù, àyè wà fún àwọ̀ tó wu ọkàn, yẹ́lò dánfó pàápàá. Kí ẹni tó fẹ́ ọ̀dà oní-etu fàdákà ṣọ́ra níbi tí èríálì rédíò bá wà nínú fáíbà, nítorí etu irin náà máa ń dí ìgbì rédíò.

Ní ti ọ̀dà fúnra rẹ̀, ìròyìn dára fún àwọn oníṣẹ́ wa. Polyurethane tí a ń da hádínà sí, èyí tí wọ́n fi ń fín ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá, ẹbí kan náà ló jẹ́ pẹ̀lú ọ̀dà tí wọ́n ń tà fún bàálù, ọ̀pọ̀ àwọn tó kan ọkọ̀ fúnra wọn sì ti lò ó láìsí wàhálà. Ó ń farada oòrùn, epo bàálù tó bá dà sí i kò sì ní tú u. Ọ̀dà àtijọ́ tó ń gbẹ nítorí pé tínà rẹ̀ fò lọ lásán ni kó má wọ ibẹ̀: epo ń tú u, ọ̀rinrin sì ń mú un funfun bí ẹni tó ta ẹfun. Ọ̀dà tó dára lórí alumíníọ́mù tí a kò tọ́jú kò ní pẹ́. Èkó wà létí òkun, iyọ̀ ń bẹ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ìpẹtà tó ń fà lè wọ abẹ́ ọ̀dà, kó máa rìn bí ipa ọ̀nà ìkán. Fífọ̀, oògùn tó ń yí ojú alumíníọ́mù padà, lẹ́yìn náà páímà epoxy tínrín, ló ń dá a dúró. Sáńpépà tí wọ́n ti fi ha irin dánfó kò gbọ́dọ̀ kan alumíníọ́mù, wúùlù irin náà kò gbọ́dọ̀ kàn án, nítorí etu irin tó bá há síbẹ̀ á di ìpẹtà lábẹ́ ọ̀dà. American Airlines fi alumíníọ́mù rẹ̀ sílẹ̀ láì kùn ún títí di 2013, wọ́n ń dán an lásán ni. Ìyẹn ń dín ìwọ̀n kù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dán an wò létí òkun yóò di ẹrú kírímù àti àkísà. Ní ti ọkọ̀ aláṣọ, ọ̀dà fàdákà tó ń dènà oòrùn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ èyí tí a ń rí, torí oòrùn ló ń jẹ aṣọ polyester run. Ọ̀dà mọ́tò líle a sì máa sán lórí rẹ̀.

Ojú ọjọ́ Èkó ń dájọ́ tirẹ̀. Òfin àwọn afínọ̀dà ni pé ojú ohun tí a ń fín gbọ́dọ̀ gbóná ju ibi tí ìrì ti ń sẹ̀ lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìwọ̀n Celsius mẹ́ta. Lówùúrọ̀ ọjọ́ òjò, tí ìgbóná bá jẹ́ 27, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ìrì ń sẹ̀ ní nǹkan bí 24. Àyè tó kù kò pé mẹ́ta. Bó bá di ọ̀sán tí ìgbóná gun 31, tí ọ̀rinrin sì wá sí 65, àyè náà á tó méje. Ọ̀sán ni kí ènìyàn fín, kí ó lo tínà tó ń pẹ́ fò kí ọ̀dà lè tẹ́jú kó tó gbẹ. Ọyẹ́ ń mú ọ̀rinrin lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbé eruku wá, nítorí náà yàrá tí a fi náílọ́ọ̀nù ká mọ́ ṣe pàtàkì ju òṣù tí a yàn lọ. Kí yàrá náà má sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi ohun ìdántáyà dán táyà. Silicone inú rẹ̀ ń mú kí ọ̀dà sá sẹ́yìn ní ojú kéékèèké bí ojú ẹja.

Ọ̀rọ̀ ìlera oníṣẹ́ náà wà níbẹ̀: hádínà polyurethane ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate nínú. Ó ń fa àrùn ikọ́ fée, ẹni tó bá sì ti mú lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba kékeré ló tó láti tún gbé e dìde. Wàrà tàbí epo pupa tí àwọn kan ń mu lẹ́yìn iṣẹ́ kò kan ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tí oúnjẹ ń gbà kọ́ ni èéfín ń gbà. Isocyanate kò tún ní òórùn tó lágbára tó láti kìlọ̀ fún ni pé ìbòmú ti kún. Ìbòmú tí túùbù ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wá sí láti ìta ló yẹ, iye rẹ̀ ló sì yẹ kó ṣáájú nínú ìnáwó, kí a tó ra ọ̀dà.

Ìnáwó ni àtakò ìkẹyìn: micro jẹ́ ohun tí a ń kó wọlé láti òkèèrè, ó wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà pé alumíníọ́mù kò nílò rẹ̀, àti pé ibi fáíbà nìkan ló ń lò ó, ike kékeré kan lè tó ọkọ̀ bíi RV-6A. Ọ̀dà tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lórí mítà 30 ń wọn nǹkan bí kílò mẹ́rin. Ẹni tó bá fín in lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dán bí dígí ti ra kílò mẹ́rin mìíràn. Kí àwọn àmì ìforúkọsílẹ̀ 5N tó gba ibi tó yẹ wọn lára ọkọ̀, kí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí a gbé òṣùwọ̀n mẹ́ta sábẹ́ táyà mẹ́ta, kí a kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ, kí a sì fi ṣírò ibi tí àárín ìwọ̀n ọkọ̀ ti bọ́ sí nísinsìnyí tí ìrù ti wọ aṣọ. Bí iye náà bá kọjá ohun tí ẹni tó yà á fàyè gbà, sáńpépà ni yóò padà dé, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀.